Báwo lẹ ṣe ń kọ̀wé nípa eré, fíìmù àti ìpàdé ìlú nígbà tó jẹ́ pé ará àdúgbò kan náà ni gbogbo wa?

Olùkọ́ Alẹ́:

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ará ilé.

Àwa mẹ́rin la kó ara wa jọ lọ́dún tó kọjá, pé ká máa kọ̀wé nípa ohun tó ń lọ ládùúgbò wa: eré orí ìtàgé, fíìmù tí àwọn ọ̀dọ́ ń gbé jáde, àfihàn àwòrán, títí kan ìpàdé ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso ìlú. Kò sẹ́ni tó ń sanwó fún wa. Olùkọ́ lèmi, ẹnì kan ń tún ẹ̀rọ ṣe, ẹnì kan jẹ́ nọ́ọ̀sì, ẹnì kẹrin ṣì ń lọ sílé ẹ̀kọ́.

Ìṣòro wa rèé. Lóṣù tó kọjá, mo kọ àríwísí lórí eré tí ẹgbẹ́ kan ṣe. Mo ní apá kejì gùn jù, mo sì ní àwa tá a wà lẹ́yìn ò gbọ́ ohùn ẹni tó ṣe ọba. Òótọ́ ni mo sọ. Àmọ́ ìyá ọmọ tó ṣe ọba yẹn ni mò ń bá pàdé lójú ọ̀nà ní àràárọ̀, kò sì kí mi mọ́. Ẹ̀rù bà wá. Nígbà tí ẹgbẹ́ mìíràn ṣe tiwọn, ọ̀kan nínú wa yìn wọ́n débi pé àwọn òṣèré ọ̀hún fúnra wọn ń fi ìwé rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Ti ìpàdé ìgbìmọ̀ tún wá burú jù. Ọ̀rọ̀ 1,500 la kọ, ẹni mọ́kànlá ló kà á, mẹ́rin nínú wọn sì ni àwa tá a kọ ọ́.

Báwo lẹ ṣe ń sọ òótọ́ láìsọ ara yín di ọ̀tá àdúgbò? Báwo lẹ sì ṣe ń kọ ìròyìn ìpàdé tí kò ní kun ẹni tó ń kà á lóorun? Ẹ gbà mí o.


Olóòtú Tó Ti Fẹ̀yìn Tì:

Olùkọ́, ẹ kú iṣẹ́ o. Kí n tó sọ ohunkóhun, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ gbólóhùn yẹn síbí bó ṣe wà gan-an nínú àríwísí yín. Kì í ṣe bẹ́ ẹ ṣe rántí rẹ̀ o. Ó pẹ́ tí mo ti ń tún iṣẹ́ àwọn oníròyìn ṣe, mo sì mọ̀ pé ohun téèyàn rò pé òun kọ àti ohun tó kọ kì í sábà jẹ́ ọmọ ìyá kan náà.


Olùkọ́ Alẹ́:

Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n. Mo ti lọ yẹ̀ ẹ́ wò. Ó kà báyìí: "Ẹni tó ṣe ọba kò ní ohùn, ó sì hàn gbangba pé kò múra sílẹ̀."

Bí mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́ báyìí, ojú ń tì mí díẹ̀.


Olóòtú Tó Ti Fẹ̀yìn Tì:

Ẹ ò rí i? Apá méjì ni gbólóhùn yẹn ní, ẹ̀bi wọn ò sì dọ́gba.

"Kò ní ohùn" kì í ṣe ohun tẹ́ ẹ gbọ́. Ohun tẹ́ ẹ mọ̀ ni pé láti ibi tẹ́ ẹ jókòó sí, ọ̀rọ̀ ọba kò dé etí yín. Ó lè jẹ́ gbọ̀ngàn náà ló ń gbé ohùn mì. Ó lè jẹ́ olùdarí ló ní kó kọ̀yìn sí èrò nínú ìran yẹn. Ẹ kọ ọ́ bó ṣe rí: ìlà wo, ìran wo, ọ̀rọ̀ wo ló sọnù. Ẹni tó fẹ́ lọ wò ó á mọ ibi tó yẹ kóun jókòó sí, ẹgbẹ́ náà á sì mọ ohun tí wọ́n máa tún ṣe kó tó di alẹ́ ọjọ́ kejì.

"Kò múra sílẹ̀" ni iná tó jó yín. Ta ló sọ fún yín? Ṣé ẹ wà lọ́dọ̀ rẹ̀ nígbà tó ń há ọ̀rọ̀ sórí? Inú ẹlòmíràn lẹ kọ yẹn, ẹ ò sì débẹ̀ rí. Òfin kan ṣoṣo tí mo fi lé àwọn ọmọ iṣẹ́ mi lọ́wọ́ nìyẹn: kọ ohun tí ojú rẹ rí àti ibi tí o jókòó sí nígbà tó rí i, fi inú oní-nǹkan sílẹ̀ fún un.

Ti apá kejì tó gùn dáa, àmọ́ kò tíì tó. Ìṣẹ́jú mélòó ni? Ìran wo ni àwọn èèyàn ti bẹ̀rẹ̀ sí í yọ fóònù lápò? Ẹ sọ ìyẹn, ẹ ò tiẹ̀ ní nílò ọ̀rọ̀ "gùn jù" mọ́.


Ojú Sinimá:

Mo fara mọ́ Olóòtú, àmọ́ kí n fi ti fíìmù kún un, torí ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń kọ̀wé nípa fíìmù bí ẹni tó ń ròyìn àlá tó lá. Ìpínrọ̀ mẹ́fà, ìtàn ni márùn-ún. Ẹni tó ti wò ó ò nílò rẹ̀. Ẹni tí ò tíì wò ó, ẹ ti bà á jẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ìpínrọ̀ kan ni mo máa ń fún ìtàn, mi ò sì ń kọjá nǹkan bí ìdá mẹ́ta àkọ́kọ́.

Iṣẹ́ ọwọ́ ni kẹ́ ẹ kọ. Ibo ni kámẹ́rà dúró sí? Kí nìdí tí ẹni tó gé àwòrán náà fi ń fi ojú ìyàwó hàn wá nígbà tó jẹ́ pé ọkọ ló ń sọ̀rọ̀? Ìró wo là ń gbọ́ tá ò rí ohun tó ń dún? Tó bá jẹ́ pé ilé lẹ ti ń wò ó, ẹ pa ohùn rẹ̀ fún ìṣẹ́jú méjì, kẹ́ ẹ wo àwòrán nìkan. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ̀yìn sí àwòrán, kẹ́ ẹ gbọ́ ohùn nìkan. Ẹ ò ní wá ohun tẹ́ ẹ máa kọ tì.

Nínú òkùnkùn, mo máa ń fi bírò kọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan sínú ìwé pélébé láìwò ó. Ẹ má yọ fóònù, iná rẹ̀ ń dí ẹni tó wà lẹ́yìn lọ́wọ́. Tílẹ̀ bá mọ́, ìdajì ohun tí mo kọ ò ní ṣeé kà. Ìdajì tó kù ti tó mi.

Àwọn kan máa ń béèrè pé ẹ̀ẹ̀melòó ló yẹ kéèyàn wo fíìmù kó tó kọ̀wé lé e lórí. Èmi, ẹ̀ẹ̀mejì, tí mo bá ráyè. Àmọ́ Pauline Kael, tó kọ̀wé nípa fíìmù fún ìwé ìròyìn The New Yorker láti 1968 títí di 1991, ẹ̀ẹ̀kan ló ní òun máa ń wò ó, àwọn ènìyàn sì ń bẹ̀rù kálámù rẹ̀. Ẹ ṣe èyí tó bá yín lára mu.

Ní ti ẹ̀rù tó ń bà yín, ojú àwọn míì ti rí jù bẹ́ẹ̀ lọ. François Truffaut fi ìwé bá àwọn tó ń ṣe fíìmù nílẹ̀ Faransé jà tó bẹ́ẹ̀ tí àjọ̀dún fíìmù Cannes fi kọ̀ láti fún un níwèé àṣẹ oníròyìn lọ́dún 1958. Ní 1959, ó gbé fíìmù tirẹ̀ lọ síbẹ̀, àwọn kan náà sì fún un ní ẹ̀bùn olùdarí tó dára jù. Mi ò ní kẹ́ ẹ máa bú èèyàn o! Lójú tèmi, ẹnu Truffaut korò ju bó ti yẹ lọ láwọn ìgbà kan. Ohun tí mo rí nínú ìwé rẹ̀ ni pé ó ń wo fíìmù bí ẹni tóun náà fẹ́ ṣe é, kì í ṣe bí adájọ́.


Ọmọ Ilé Ìwé:

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin àgbà, ṣé ká máa fi ìràwọ̀ ṣe òṣùwọ̀n? Èmi ni ẹnì kẹrin tí Olùkọ́ sọ. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní ìràwọ̀ nìkan làwọn máa ń wò.


Ojú Sinimá:

Ìdí tó fi yẹ kó o sá fún un nìyẹn, àbúrò. Roger Ebert fi ìràwọ̀ ṣe òṣùwọ̀n ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀, òun sì ni alárìíwísí fíìmù àkọ́kọ́ tó gba Pulitzer, ẹ̀bùn ńlá tí wọ́n ń fún àwọn oníròyìn ní Amẹ́ríkà, ní 1975. Síbẹ̀ òun fúnra rẹ̀ ń ṣàlàyé léraléra pé ìràwọ̀ òun kì í ṣe òṣùwọ̀n kan náà fún gbogbo fíìmù, pé ohun tí fíìmù kọ̀ọ̀kan fẹ́ ṣe lòun fi ń wọ̀n ọ́n. Tí ọ̀gá bá ń ṣàlàyé bẹ́ẹ̀ léraléra, báwo ni ìwọ ṣe máa fi ìràwọ̀ méjì wọn eré táwọn ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún fi fóònù yà, kí ìyá wọn má sì fi wé ìràwọ̀ méjì tó o fún fíìmù olówó ńlá?


Eléré:

Orí ìtàgé lèmi wà, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe ń dùn wá.

Àríwísí kì í pa wá. Ohun tó ń dùn wá jù ni kẹ́nikẹ́ni má wá. Èkejì ni kí ọ̀rọ̀ yín pẹ́. Alẹ́ mẹ́ta péré la fi ń ṣe eré kan. Tẹ́ ẹ bá wá lálẹ́ àkọ́kọ́, tí ìwé yín sì jáde lọ́sẹ̀ kejì, ta lẹ kọ ọ́ fún? Ẹ kọ ọ́ lóru náà, kó jáde kílẹ̀ tó mọ́ dáadáa. Kó kúrú ó sàn ju kó pẹ́ lọ.

Ẹ má ṣe àríwísí ìdánrawò. Ẹ lè wá wo ìdánrawò kẹ́ ẹ kọ nípa bí iṣẹ́ ṣe ń lọ, àmọ́ ìyẹn kì í ṣe ìdájọ́. Tó bá jẹ́ ọmọdé ló ń ṣe eré, ẹ dárúkọ rẹ̀ tẹ́ ẹ bá fẹ́ yìn ín, tí òbí rẹ̀ bá sì gbà. Tí nǹkan kan ò bá lọ déédéé, orí olùdarí ni kó wà. Ọmọ ọdún mẹ́wàá kọ́ ló yan ara rẹ̀ sípò yẹn.

Mo tún ní ẹ̀bẹ̀ kan. Gbogbo àríwísí ló ń dárúkọ òṣèré méjì àti olùdarí, ó tán. Ta ló ran aṣọ? Ta ló to iná? Ẹni tó to iná fún eré wa tó kẹ́yìn fi gílóòbù mẹ́rin péré sọ òwúrọ̀ di òru lójú èrò, kò sì sí ìwé kankan tó dárúkọ rẹ̀. Ẹ wo ìwé ètò eré, orúkọ wọn wà níbẹ̀.

Ìwé ìwọlé ọ̀fẹ́ wà fún yín nígbàkigbà tẹ́ ẹ bá fẹ́ wá.


Olóòtú Tó Ti Fẹ̀yìn Tì:

Ibi tí mo ti máa bá Eléré jà díẹ̀ rèé. Ẹ sanwó yín kẹ́ ẹ wọlé, tí agbára bá gbé e. Ẹni tó fún mi níjòókòó iwájú lọ́fẹ̀ẹ́ ò ní kí n purọ́, àmọ́ èmi ni mo máa rò ó lẹ́ẹ̀mejì kí n tó kọ pé eré rẹ̀ ò dùn.


Eléré:

Ẹ̀gbọ́n, tí gbogbo wọn bá ń sanwó, ta ló máa wo gbogbo eré tó wà lóṣù kan? Àwọn ilé iṣẹ́ ìròyìn ńlá náà ń gba ìwé ọ̀fẹ́.


Ojú Sinimá:

Ọ̀nà wà. Ẹ gbà á, àmọ́ kí ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ ìwé pé ẹgbẹ́ náà ló fún yín láyè ìwọlé. Ìlà kan péré ni. Kẹ́ ẹ sì ṣe bákan náà tí ẹbí bá wọ̀ ọ́: tí ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ bá wà nínú eré, ẹlòmíràn ni kó kọ ọ́. Tí kò bá sí ẹlòmíràn, kí òǹkàwé mọ̀ ọ́n láti ìpínrọ̀ àkọ́kọ́. Àwọn èèyàn máa ń dárí ji ẹni tó sọ ọ́ fúnra rẹ̀. Ẹni tí wọ́n ká mọ́ ọn lọ́wọ́ ni wọn kì í jẹ́ kó gbàgbé.


Ìyá Ìjókòó Ẹ̀yìn:

Ẹ ti sọ̀rọ̀ eré tẹ́rùn. Ẹ jẹ́ kí n bọ́ sí ti ìpàdé ìlú, torí ibẹ̀ lèmi ń gbé. Ọdún mẹ́fà ni mo ti ń lọ jókòó sẹ́yìn, pẹ̀lú ìwé àti bírò, àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ sì ti mọ ikọ́ mi.

Olùkọ́, mi ò tíì ka ọ̀rọ̀ 1,500 yín, àmọ́ mo lè fẹ́rẹ̀ẹ́ búra pé ẹ tẹ̀ lé ìpàdé náà láti ìkíni dé ìdágbére. Àkọsílẹ̀ ìpàdé nìyẹn, akọ̀wé ìgbìmọ̀ ló ń gbowó láti kọ ọ́. Iṣẹ́ yín ni láti mú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo jáde, kẹ́ ẹ sì fi ohun tó máa yí padà láyé ẹni tó ń kà á bẹ̀rẹ̀. Tó bá jẹ́ pé lẹ́yìn wákàtí mẹ́ta, ní ìlà kẹsàn-án nínú ìwé ètò ìpàdé, ni wọ́n fọwọ́ sí i pé ilé ìkàwé á máa tì ní ọ̀sán, ìlà kẹsàn-án ni ìròyìn yín. Owó ńlá máa ń fẹ́ràn láti sùn sábẹ́ àkòrí tó ń mú oorun wá: "àtúnṣe sí ìpinnu ìṣáájú", "àwọn ọ̀rọ̀ mìíràn". Mo kọ́kọ́ máa ń wo ibẹ̀.

Èyí tó yí iṣẹ́ mi padà jù ni pé mo dẹ́kun àtimáa kọ̀wé lẹ́yìn ìpàdé nìkan. Mo ń kọ ọ́ ṣáájú. Ìwé ètò ìpàdé sábà máa ń jáde ní ọjọ́ mélòó kan ṣáájú. Mo máa ń gbà á, mo máa ń ka àwọn ìwé tí wọ́n so mọ́ ọn, mo sì máa ń kọ ìpínrọ̀ mẹ́ta: lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun wọ́n máa pinnu báyìí, ohun tó máa ná ìlú nìyí, ibi tí wọ́n ti máa jókòó àti aago tí wọ́n máa gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ará ìlú nìyí. Ẹni tó bá ka ìròyìn lẹ́yìn ìpinnu, kí ló kù tó lè ṣe ju kó mí kanlẹ̀ lọ? Látìgbà tí mo ti ń ṣe bẹ́ẹ̀, èmi nìkan kọ́ ni mò ń jókòó sẹ́yìn mọ́.

Owó wá ńkọ́. Nọ́ńbà mẹ́ta ni ẹ máa wá lórí ohunkóhun: iye tí wọ́n dábàá, iye tí wọ́n fọwọ́ sí, àti iye tí wọ́n ná ní tòótọ́. Inú àlàfo tó wà láàárín èkejì àti ẹ̀kẹta ni ìròyìn ń gbé. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ọdún yìí wé ọdún tó kọjá lórí ìlà kan náà. Tí nọ́ńbà bá tóbi jù fún ọpọlọ, ẹ fi iye ilé tó wà nílùú pín in, kó di iye tó kan ilé kọ̀ọ̀kan. Ará ìlú lásán lè ní òye èyí o. Ní Porto Alegre, lórílẹ̀-èdè Brazil, ní 1989 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn olùgbé jọ ládùúgbò wọn láti bá wọn pinnu ibi tí apá kan owó ìlú máa lọ, ọ̀pọ̀ ìlú lágbàáyé sì ti lọ kọ́ ọ lọ́dọ̀ wọn.

Ẹ béèrè ìwé. Orílẹ̀-èdè Sweden ti ṣòfin pé ará ìlú lè rí ìwé ìjọba láti 1766, Amẹ́ríkà ṣe tiwọn ní 1966, ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ló sì ti ní irú òfin bẹ́ẹ̀ báyìí. Ẹ wá èyí tó wà níbi tẹ́ ẹ wà. Àmọ́ kẹ́ ẹ tó kọ lẹ́tà òfin, ẹ kọ́kọ́ pe akọ̀wé, ẹ kí i dáadáa, kẹ́ ẹ sọ orúkọ ìwé náà àti ọjọ́ tó wà lórí rẹ̀. Ní ìgbà tó pọ̀, wẹ́rẹ́ ló máa fún yín. Ẹ má béèrè "kí ló dé?" lọ́wọ́ ọ́fíìsì, àlàyé lẹ máa gbà. Ẹ béèrè pé "ìwé wo lẹ fi ṣe ìpinnu náà?"

Òfin Olóòtú ṣiṣẹ́ níbí náà. Mo ti kọ ọ́ rí pé "alága sá fún ìbéèrè". Wọ́n ní kí n tọrọ àforíjì, mo sì tọrọ rẹ̀, torí mi ò mọ̀ bóyá inú ló ń run ún. Lónìí, báyìí ni mo máa kọ ọ́: "Alága dìde ní aago 7:40. Ẹni mẹ́ta ṣì wà lórí ìlà tí wọ́n fẹ́ béèrè ọ̀rọ̀." Kò sẹ́ni tó lè ní kí n tọrọ àforíjì fún aago.

Olùkọ́, ohun kan ń jẹ mí lọ́kàn látàárọ̀. Gbọ̀ngàn tí ohùn ọba sọnù sí yẹn, ti ta ni?


Kò Gbà Bẹ́ẹ̀:

Ẹ má bínú o, ẹ̀yin àgbà. Ẹrù yìí ti ń pọ̀ jù fún ẹni mẹ́rin tí wọ́n ń fi àárẹ̀ alẹ́ ṣe é. Nígbà tí OhmyNews, ìwé ìròyìn orí íńtánẹ́ẹ̀tì, bẹ̀rẹ̀ ní Gúúsù Kòríà ní ọdún 2000, ará ìlú 727 ló kó jọ, ọ̀rọ̀ tó sì gùn lé ni pé gbogbo ará ìlú ni oníròyìn. Ìyàwó ilé wà níbẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ wà níbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá kọ́kọ́ kó òfin ogún lé wọn lórí, wọn ò ní kọ nǹkan kan. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ bó bá ṣe jáde, wọ́n á kọ́ ọ lẹ́nu iṣẹ́.


Olóòtú Tó Ti Fẹ̀yìn Tì:

Òótọ́ lo sọ nípa àwọn 727, o kàn gbàgbé àwọn olóòtú tó wà láàárín wọn àti òǹkàwé ni. Àwọn ló ń yẹ iṣẹ́ wò kó tó jáde. Ohun tí mò ń bẹ Olùkọ́ pé kó ṣe kò ju ìyẹn lọ: kí ẹnì kan má ṣe kọ ọ́ kó sì fúnra rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ jáde. Kí ẹnì kejì kà á, kó fi ìka sí gbólóhùn kọ̀ọ̀kan, kó béèrè pé, "Báwo lo ṣe mọ̀?" Ọmọ Ilé Ìwé lè ṣe é. Àwọn ọmọdé kì í bẹ̀rù láti béèrè.


Lọ́yà Àdúgbò:

Òfin ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan yàtọ̀, ẹ lọ bá agbẹjọ́rò ibi tẹ́ ẹ wà tí ọ̀rọ̀ bá le. Àmọ́ ẹ mọ èyí. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n bá pe òǹkọ̀wé lẹ́jọ́ ìbanilórúkọjẹ́, tó sì sọ pé òótọ́ lòun kọ, òun ló máa fi ẹ̀rí hàn. Ní Amẹ́ríkà, látìgbà ẹjọ́ New York Times àti Sullivan ní 1964, òṣìṣẹ́ ìjọba tó bá pẹjọ́ gbọ́dọ̀ fi hàn pé òǹkọ̀wé mọ̀ pé irọ́ ni, tàbí pé kò bìkítà bóyá irọ́ ni. Gbólóhùn kan náà lè jẹ́ ọ̀rọ̀ lásán níbì kan, kó di ẹjọ́ níbòmíràn.

"Wọ́n ní" kì í ṣe agbòjò. Tẹ́ ẹ bá tún irọ́ ẹlòmíràn sọ, ní ọ̀pọ̀ ibi, bí ìgbà tẹ́ ẹ pa á fúnra yín ni. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kọ ohun tó lè ba orúkọ ẹnì kan jẹ́, ẹ kọ̀wé sí i ṣáájú, ẹ fún un láyè tó tó láti fèsì, kẹ́ ẹ sì gbé èsì rẹ̀ jáde pẹ̀lú ọ̀rọ̀ yín.

Ti àwòrán àti fíìmù: Àdéhùn Berne, tí àwọn orílẹ̀-èdè ṣe láti dáàbò bo ẹ̀tọ́ àwọn tó ni iṣẹ́ ọnà àti ìwé, tó sì ti wà láti 1886, gbà pé kéèyàn fa apá kan yọ nínú iṣẹ́ tó ti jáde, tó bá ṣe é níwọ̀ntúnwọ̀nsì, tó sì dárúkọ ẹni tó ni ín. Gbólóhùn mẹ́ta nínú eré kí ẹ lè ṣàlàyé rẹ̀, ó dáa. Odindi ìran kan tẹ́ ẹ fi fóònù gbà nínú òkùnkùn, ẹ má dán an wò. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ló ní fọ́tò fún àwọn oníròyìn, ẹ béèrè, kẹ́ ẹ sì kọ orúkọ ẹni tó yà á.


Ẹlẹ́rọ:

Tèmi ò pọ̀. Ẹ kọ ọjọ́, oṣù àti ọdún. "Sátidé tó ń bọ̀" ò ní ìtumọ̀ fún ẹni tó bá kà á lọ́dún mẹ́ta sí i. Tẹ́ ẹ bá ṣe àṣìṣe, ẹ má yọ́ ọ pa lóru bí olè. Ẹ tún un ṣe, kẹ́ ẹ kọ ohun tẹ́ ẹ yí padà àti ọjọ́ tẹ́ ẹ yí i. Kí ẹni méjì mọ ọ̀rọ̀ ìwọlé, mo ti rí ibi tí iṣẹ́ ọdún mẹ́rin ti sọnù torí pé ẹnì kan kó lọ sílùú mìíràn. Ẹ kọ ohun tó wà nínú fọ́tò sábẹ́ rẹ̀ fún àwọn afọ́jú tí ẹ̀rọ ń kàwé fún.

Kẹ́ ẹ sì máa fi ojú-ìwé yín, àti ìwé ìgbìmọ̀ tẹ́ ẹ bá tọ́ka sí, pamọ́ sínú Wayback Machine, ibi tí wọ́n ń tọ́jú ẹ̀dà àwọn ojú-ìwé íńtánẹ́ẹ̀tì sí. Internet Archive, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1996, ló ni ín, wọ́n sì ṣí i fún gbogbo èèyàn ní 2001. Ìwé ìgbìmọ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń pòórá.


Olùkọ́ Alẹ́:

Ẹ ṣé gan-an ni, gbogbo yín. Ọ̀sẹ̀ méjì ti kọjá, mo ní kí n wá jábọ̀.

Mo ti tún gbólóhùn náà ṣe: "Láti ìlà kẹrin lọ sẹ́yìn, a kò gbọ́ ọ̀rọ̀ ọba nínú ìran ìdájọ́, níbi tó ti kọ̀yìn sí èrò." Mo kọ sábẹ́ rẹ̀ pé mo ti yọ ohun tí mo sọ nípa ìmúrasílẹ̀ rẹ̀ kúrò, torí mi ò mọ̀. Ọmọ Ilé Ìwé ló ń béèrè "báwo lẹ ṣe mọ̀?" báyìí, ó sì ti ń dùn mọ́ ọn jù.

Ìyá Ìjókòó Ẹ̀yìn, ti ìgbìmọ̀ ni gbọ̀ngàn náà o. A béèrè ìwé ìsúná lọ́wọ́ akọ̀wé, ó sì fún wa. Ọdún méjì léra ni "àtúnṣe gbọ̀ngàn" fi wà nínú iye tí wọ́n fọwọ́ sí. Nínú iye tí wọ́n ná, òdo ló wà níbẹ̀ lọ́dún méjèèjì. Ìpínrọ̀ mẹ́ta la fi kọ ọ́, ó sì jáde ní ọjọ́ márùn-ún ṣáájú ìpàdé tó ń bọ̀. Mi ò tíì ka iye ẹni tó kà á, àmọ́ Eléré àti ẹgbẹ́ wọn ní àwọn ń bọ̀ wá jókòó sẹ́yìn.

Mo lọ sílé ìyá ọmọ yẹn. Mo tọrọ àforíjì fún gbólóhùn kejì. Ó ní oṣù méjì gbáko ni ọmọ òun fi há ọ̀rọ̀ ọba sórí, pé alaalẹ́ lòun ń bá a tẹ̀ lé e nínú ìwé. Mo ní ti ohùn ńkọ́, ṣé kí n yọ ìyẹn náà?

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ìlà kẹfà lèmi jókòó sí. Èmi náà ò gbọ́ nǹkan kan."